Àgbọ̀nrín Tí Kò Sá fún Ọdẹ

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn, kó bọ́ síwájú, nítorí ìtàn òní kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fi etí kan gbọ́. Ẹni tí ó bá sì ní ẹran ìgbẹ́ lẹ́nu, kí ó yára gbé e mì, tàbí kí ó tu ú dànù, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ lè má gbà á mọ́.

Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti lé ẹfọ̀n títí ó fi rẹ̀ ẹ́, tó jókòó, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí èmi náà sì jókòó tì í kí àwa méjèèjì sinmi díẹ̀ kí a tó máa bá eré wa lọ. Ìnàkí bá mi jìjàkadì rí lẹ́bàá odò, òun ló sì kọ́kọ́ ní kí a jẹ́ kó di ọ̀mì. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ lọ bi àwọn ìyá yín. Ṣùgbọ́n kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó bà mí lẹ́rù tó ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ọdẹ́jìnmí, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ fún mi, ojú ara mi ni mo sì fi rí ibi tó parí sí. Erin ń pani, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí erin bá pa ọ́, kò sẹ́ni tí kò ní mọ̀ pé o ti kú. Ohun tí Ọdẹ́jìnmí pàdé kì í sọ fún ènìyàn bóyá ó ti pa á tàbí kò ì tíì pa á.

Ọdẹ́jìnmí yìí, ọdẹ ni, bàbá rẹ̀ náà ọdẹ ni. Àwẹ̀ní ni ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ti sin ọmọ méjì kí wọ́n tó bí ẹ̀kẹta, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Rẹ̀mílẹ́kún. Ọmọbìnrin náà sanra, ó lẹ́wà, ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rìn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń lé ewúrẹ́ kiri àgbàlá, Rẹ̀mílẹ́kún ṣì ń fi ìdí wọ́ nílẹ̀. Àwẹ̀ní gbẹ́ ihò, ó gbé e dúró sínú rẹ̀ bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe, ó ń fi omi gbígbóná wọ́ ọ lẹ́sẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Kò rìn. Nígbà tó yá, àwọn obìnrin àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ bí Àwẹ̀ní bá gbé ọmọ rẹ̀ kọjá, ìdákẹ́ yẹn sì dùn ún ju èébú lọ.

Ní agbo ilé wa, tí a jẹ́ ọmọ ọdẹ, a ní àṣà kan. Bí ọmọ bá pẹ́ kó tó rìn, bàbá rẹ̀ yóò pa àgbọ̀nrín fún un. A ó la orí ẹran náà, a ó fi epo se ọpọlọ inú rẹ̀, ọmọ náà nìkan ni yóò sì jẹ ẹ́, nítorí a gbà pé inú orí ni eré àgbọ̀nrín ń gbé kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀. Olúóde, olórí àwọn ọdẹ, ló ni orí ẹran tí ọdẹ bá pa, ṣùgbọ́n bó bá ti jẹ́ tìtorí ọmọ tí kò rìn, a máa yọ̀ǹda rẹ̀.

Ọdẹ́jìnmí gbé ṣakabùlà rẹ̀, ó gba inú igbó lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò tíì rìn jìnnà tó fi rí àgbọ̀nrín kan tó dá dúró lẹ́bàá ìsun omi. Akọ ni. Ó dúró, ó ya ẹsẹ̀ gbàgà bí ẹni pé ilẹ̀ ń yí mọ́ ọn nídìí. Ó so orí kọ́, etí rẹ̀ wálẹ̀, egungun ìhà rẹ̀ yọ lábẹ́ awọ, itọ́ sì ń kán lẹ́nu rẹ̀ tó-tó-tó. Ọdẹ́jìnmí fi ẹsẹ̀ tẹ igi gbígbẹ lójijì, igi náà ró. Ẹran náà gbójú sókè, ó wo ọdẹ, ó wo ẹnu ìbọn, kò sì sá.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ojú la ti ń mọ oúnjẹ tí yóò yóni. Ẹran tí kò sá fún ọdẹ, ohun kan ti bá a kí ọdẹ tó dé. Bó bá jẹ́ èmi ni... ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, bó bá jẹ́ èmi ni, tí ọmọ mi wà nílé tí kò rìn, èmi náà ìbá yìnbọn. Ohun tí Ọdẹ́jìnmí sọ nínú ara rẹ̀ ni pé, "Orí ọmọ mi ló dè é mọ́lẹ̀ dè mí." Inú rẹ̀ dùn, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó yìnbọn.

Ẹran náà fúyẹ́ lórí rẹ̀ nígbà tó rù ú bọ̀ wálé. Ó gbé e lọ síwájú Olúóde Ọ̀pádọ̀tun, àgbà ọdẹ tí eyín rẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ, tó sì fẹ́ràn orí ẹran ju ohunkóhun tó kù láyé. Ọdẹ́jìnmí dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, orí ẹran yìí ni mo wá tọrọ. Rẹ̀mílẹ́kún ni."

"Orí!" ni Olúóde wí. "Orí tí mo ti ń gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ìgbà tí o ti gbé ìbọn jáde nílé! Ó dáa, ọmọ ló ni ín. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹsẹ̀ ẹran. Ṣùgbọ́n apá méjèèjì ni kí o gbé fún mi dípò rẹ̀ o. Má gbé ẹyọ kan wá kí o sọ pé ajá gbé èkejì."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní í fún ẹnìkan jẹ. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́jìnmí pín tirẹ̀ fún ará ilé, ó sá ìyókù sórí àjà lókè iná. Àwẹ̀ní se ọpọlọ náà, ó ń fi ìka rẹ̀ bọ́ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, ó sì ń bẹ Ọlọ́run bó ti ń bọ́ ọ. Rẹ̀mílẹ́kún jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka ìyá rẹ̀, ó tún na ọwọ́ pé kí wọ́n fún òun sí i. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, àwọn baba wa ló wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí òwe nígbà tí ọmọ bá ń jẹun?

Nígbà tó ṣe díẹ̀, Ọdẹ́jìnmí padà sí ìsun omi náà. Abo àgbọ̀nrín kan ló bá níbẹ̀, tó ń yí igi kan po. Ó yí i, ó yí i, ó ti tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ títí ó fi di kòtò. Ọdẹ́jìnmí na ìbọn. Ẹran náà kò dẹ́kun yíyí tó ń yí, ó kàn lanu, ó ní, "Ọdẹ́jìnmí, ọkọ mi lo pa."

Ẹ má ya ẹnu sí mi. Kò sí ọdẹ tí ẹran kò bá sọ̀rọ̀ rí. Ẹni tó bá ní òun kò gbọ́ ọ rí, kò tíì di ọdẹ, ó kàn ń ru ìbọn kiri ni.

"Jọ̀wọ́," ni Ọdẹ́jìnmí wí, ó sì gbé ìbọn sílẹ̀.

"Má bẹ̀ mí. Ẹni tí o pa ti kú kí o tó yìnbọn. Ta ló jẹ orí rẹ̀?"

"Ọmọ mi ni."

Ẹran náà dúró. Bó bá bú u ni, ìbá yé e. Bó bá ṣẹ́ èpè fún un ni, ọdẹ mọ bí a ti ń dá èpè padà. Ṣùgbọ́n ẹkún ni ẹran náà bú sí. Níbẹ̀ ni ẹ̀rù ti kọ́kọ́ ba Ọdẹ́jìnmí.

"Àrùn kan wà nínú orí wa," ni ẹran náà wí. "Ó ń lu ọpọlọ wa nínú bí kòkòrò ti ń lu àgbàdo inú àká. Ẹni tó bá mú yóò gbàgbé ọ̀nà, yóò gbàgbé ewu, yóò rù títí yóò fi kú. Kò sí ẹyọ ẹnìkan tó mú tó yè."

"Ṣé ó ń mú ènìyàn?"

"N kò mọ̀. Yèyé wa ló lè mọ̀, ẹni tó ń jọba ní Ìlú Ẹlẹ́sẹ̀-Tínrín. Lọ bi í. Yára o, nítorí pé..." Ó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Ó wo ọdẹ bí ẹni tí kò rí i rí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí igi po.

Ọdẹ́jìnmí kò padà sílé. Bí ó bá padà, ó ní láti wo ojú ọmọ rẹ̀, kò sì lè wò ó láìmọ ohun tí yóò sọ. Ọ̀nà tó gbà, ẹ má bi mí. Kì í ṣe ọ̀nà ẹsẹ̀. Ẹni tí ọ̀ràn ọmọ ń lé, ilẹ̀ a máa ká jọ níwájú rẹ̀.

Igbó Onítọ́ ló kọ́kọ́ bọ́ sí. Nínú igbó yẹn, ewé kò gbẹ rí. Itọ́ ń kán láti ara koríko, ó ń kán láti ara igi, egungun àwọn àgbọ̀nrín tó ti kú sì tò nílẹ̀. Iwin arúgbó kan wà láàárín wọn tó ń fi ìgbálẹ̀ gbálẹ̀. Ìgbálẹ̀ náà ti jẹ títí ó fi ku ìdí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," ni Ọdẹ́jìnmí kí i.

"Iṣẹ́ kò kú," ni iwin dá a lóhùn. "Bàbá tó bí bàbá rẹ ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀ yìí. Ẹran kan kú síbí, ó jẹrà tán, òjò rọ̀ sórí ibẹ̀, koríko hù. Ẹran mìíràn jẹ koríko náà, òun náà kú. Mo gbá a, mo dáná sun ún, mo tún gbá a. Ilẹ̀ kò mọ́. Má jókòó níbí. Bí o bá sì jáde, fọ ẹsẹ̀ rẹ, kí o má gbé wa lọ sílé àwọn ẹlòmíràn."

Ọdẹ́jìnmí ń fò láti orí òkúta dé orí òkúta, kò jẹ́ kí ewé kan òun, ọkàn rẹ̀ sì ń sọ pé, orí òkúta lo ń fò sí lónìí, ta ló fi ìka bọ́ ọmọ rẹ lẹ́nu?

Lẹ́yìn Igbó Onítọ́, ó dé ìdí ọgbà kan. Igi ni wọ́n fi ṣe ọgbà náà, igi ń lọ sí apá ọ̀tún, igi ń lọ sí apá òsì, ojú kò tó òpin rẹ̀. Nǹkan kan dúró tì í. Ọdẹ́jìnmí sọ fún mi pé kò ní ojú, kò ní ẹnu, kò ní apá tó ṣeé pè ní apá. Ó rí bí aṣọ tí ẹni tó ń kánjú ká ní wíwọ́. Akániwọ́ lorúkọ rẹ̀. Ó fi ara ti igi kan nínú ọgbà náà, ó ń tì í díẹ̀díẹ̀, ó fi í sílẹ̀, ó tún bọ́ sí ìdí òmíràn.

"Ọdẹ," ni Akániwọ́ wí, kò sì sẹ́ni tó rí ibi tí ohùn rẹ̀ ti jáde. "Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ. Yìn mí níbọn."

Ọdẹ́jìnmí yìn ín. Ìbọn dún, èéfín rú, igi mì, Akániwọ́ sì dúró síbi tó wà.

"Kí ló dé tí ìbọn kò fi pa mí? Bí o bá mọ̀ ọ́n, máa kọjá. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, dúró tì mí, kí a jọ máa ti ọgbà yìí títí ayé."

"O ní àyẹta."

"N kò ní."

"Òrìṣà ni ọ́."

"Òrìṣà ń jẹ, òrìṣà ń mu. Èmi kì í jẹ, n kì í mu."

Ọdẹ́jìnmí wo nǹkan náà dáadáa bí ọdẹ ti ń wo ẹran tó ba sínú koríko, tó ń wá ibi tí èémí ti ń gbé ìhà sókè. Kò sí ìhà, kò sí èémí. Ọ̀rọ̀ náà yé e, ìyé tó yé e sì bà á lẹ́rù ju àìmọ̀ lọ.

"O kò ní ẹ̀mí," ló wí. "Ohun tí kò wà láàyè rí kò ṣeé pa."

Akániwọ́ rẹ́rìn-ín. "Ó mọ̀ ọ́n! Wọ́n sè mí, n kò jinná. Wọ́n yan mí lórí àjà, mo ń yáná. Wọ́n fi iyọ̀ sí mi, mo ń dùn sí i. Wọ́n sin mí, ilẹ̀ ń bá wọn tọ́jú mi. N kò ní eyín tí mo fi ń bu ni jẹ. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo mọ̀: bí mo bá fara kan ẹni tó jọ mí, tó dúró ṣánṣán, òun náà yóò wọ́ bí tèmi, yóò sì lọ fara kan ẹnìkejì rẹ̀."

"Ọgbà wo lò ń tì yìí?"

"Ọgbà tó wà láàárín ẹran àti ènìyàn ni."

Ọdẹ́jìnmí wo ọgbà náà láti òkè dé ilẹ̀. "Ṣé o ti là á kọjá?"

"Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé inú màlúù la tirẹ̀ kọjá ní ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn tó ń jẹ màlúù náà ń sọ fún ara wọn pé kò sí nǹkan kan, kò sí nǹkan kan, títí ó fi bá wọn jókòó nínú ilé. Èmi ṣì ń ti tèmi. Gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá jẹ orí ẹran mi, ó ń bá mi mi igi kan ni. Ìwọ náà bá mi mi ọ̀kan, ọdẹ. O ṣeun."

"Igi tí mo bá ọ mì, ṣé ó wó?"

Akániwọ́ kọjú sí ọgbà rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Mo bi Ọdẹ́jìnmí pé kí ló dé tí kò fi lọ wo ìdí igi náà fúnra rẹ̀. Ó ní òun wò ó. Ó ní igi pọ̀, òun kò mọ èyí tó jẹ́ ti òun.

Nígbà tó wọ Ìlú Ẹlẹ́sẹ̀-Tínrín, kò sí ẹni tó dá a dúró. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: ọmọ ènìyàn gbé ìbọn wọ ìlú àgbọ̀nrín, kò sì sẹ́ni tó sá! Wọ́n ń rìn kiri láàárín ìgboro, wọ́n ń yí ilé po, wọ́n ń kọsẹ̀ lára ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń gbà wọlé láti kékeré. Akéde kan ń pariwo pé, "Ọba ní kí ẹ...! Ọba ní kí ẹ...!" kò sì rántí ohun tí ọba ní kí wọ́n ṣe. Ìyá kan dúró, ọmọ rẹ̀ ń wá ọmú lábẹ́ rẹ̀, ìyá ń fi ẹsẹ̀ tì í kúrò, ó ń bi í pé, "Ọmọ ta ni ìwọ? Máa lọ bá ìyá rẹ." Ọmọ náà tún padà wá. Ọdẹ́jìnmí sunkún níbẹ̀, ẹni tó ti pa àgbọ̀nrín tí kò lóǹkà.

Yèyé wà ní àárín ìlú. Arúgbó àgbọ̀nrín ni, irun funfun yí ẹnu rẹ̀ ká, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́, orí rẹ̀ sì dúró. Ọdẹ́jìnmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Yèyé, ẹ má bínú. Ìbéèrè ni mo gbé wá."

"Dìde. Bèèrè kíákíá, orí mi ṣì mọ́lẹ̀ láàárọ̀ yìí."

"Ṣé ènìyàn kan ti kó àrùn yìí lára yín rí?"

"N kò ì tíì rí i. Mo ní kí àwọn ẹyẹ máa ṣọ́ àwọn ọdẹ tó ń jẹ wá. Kò sí èyí tí wọ́n wá sọ fún mi pé ó ṣubú nítorí tiwa."

Ọdẹ́jìnmí fò sókè, ó fẹ́ jó.

"Jókòó," ni Yèyé wí. "Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ohun tí a kò tíì rí yàtọ̀ sí ohun tí kò sí. Àrùn yìí a máa sùn nínú orí, oorun rẹ̀ a sì máa pẹ́. Ẹni tó gbé e mì lónìí lè dàgbà, kó gbéyàwó, kó gbàgbé pé òun jẹ ẹran kan rí, kó tó jí. N kò sọ pé yóò rí bẹ́ẹ̀ fún yín. N kò sì lè sọ pé kò ní rí bẹ́ẹ̀."

"Kí wá ni kí a ṣe?"

"Ẹran tí kò bá sá, ẹ má pa á jẹ. Èyí tó rù, tó ń datọ́, tó ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ yé jẹ ọpọlọ wa, ẹ yé fa mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn wa. Ẹ má wọ́ òkú wa láti oko dé oko. Bí ẹ bá sì ti gbé e dé ilé, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ kó jìn."

"Yèyé, ọmọ mi ti jẹ ẹ́ ná. Rẹ̀mílẹ́kún lorúkọ rẹ̀. Òun nìkan ló kù fún wa. Ẹ sọ fún mi, ṣé ó ti wọ inú rẹ̀?"

Yèyé sún mọ́ ọn. Ó gbé imú lé àtẹ́lẹwọ́ Ọdẹ́jìnmí, ọwọ́ tó fi ń gbé ọmọ rẹ̀, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó tún gbọ́ ọ. "Mo gbọ́ òórùn ọmọ náà," ló wí. "Ọmọ dáadáa ni. Mo gbọ́ òórùn ohun tó wà nínú orí rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tó wà níbẹ̀ ni..."

Ó dákẹ́.

"Kí ni, Yèyé?"

Ojú Yèyé ṣú. Etí rẹ̀ kan wálẹ̀, èkejì tẹ̀lé e. Itọ́ kán sílẹ̀ láti ẹnu rẹ̀ sórí ọwọ́ Ọdẹ́jìnmí.

"Ìwọ ọmọ ènìyàn," ni Yèyé wí, "ta ló rán ọ wá síbí?"

"Yèyé! Rẹ̀mílẹ́kún! Ẹ rántí, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni! Kí ló wà nínú orí ọmọ mi?"

Ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Yèyé kọjá lára rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìtẹ́ rẹ̀ po, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́. Kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo ìlú náà tó lè dáhùn.

Mo ti sọ fún yín pé mo bá ìnàkí jìjàkadì rí. Nígbà tó sọ ibi yìí fún mi, mo dìde, mo lọ dúró níta fún ìgbà díẹ̀.

Ọdẹ́jìnmí sáré padà wálé. Ó fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú odò títí awọ fi fẹ́ bó, ó wọlé, ó kó gbogbo ẹran tó wà lórí àjà sínú apẹ̀rẹ̀, ó kó agbárí ẹran náà, ó kó ìkòkò tí wọ́n fi sè é, ó kó ọ̀bẹ. Ó gbẹ́ ilẹ̀ títí orí rẹ̀ kò fi yọ lókè mọ́, ó sì sin gbogbo rẹ̀. Àwọn ará ilé ní ọdẹ ti ya wèrè. Àwọn kan ní ó fẹ́ dá ẹran jẹ ni, yóò padà wá hú u tó bá yá.

Ó lọ bá Olúóde Ọ̀pádọ̀tun. Bàbá náà ti jẹ apá méjèèjì tán. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì fi ahọ́n kan eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀.

"O ní oorun rẹ̀ máa ń pẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Jẹ́ kó máa sùn. Kó tó jí, ikú tèmi á ti gbé mi lọ, ilé òfìfo ló máa bá." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó pe gbogbo ọdẹ jọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ní láti òní lọ, ẹran tí kò bá sá, ọdẹ tó bá yìnbọn sí i kì í ṣe ọmọ òun, àṣà ọpọlọ àgbọ̀nrín fún ọmọ sì ti parí ní ìlú wa. Àwọn àgbà kan kùn. Olúóde ní ẹni tó bá fẹ́ kùn, kó wá fi ọmọ tirẹ̀ dán an wò.

Ó wá ku Àwẹ̀ní. Ọdẹ́jìnmí sọ fún un. Kò fi nǹkan kan pamọ́, àní ibi tí Yèyé ti dákẹ́ pàápàá. Àwẹ̀ní wo ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

"Ìka yìí ni mo fi bọ́ ọ," ló wí. "Mo tún ń gbàdúrà sí i."

Ó sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ̀ẹ̀rùn lọ, òjò bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí èmi fúnra mi wà níbẹ̀, tí a jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí à ń jẹ àgbàdo, Rẹ̀mílẹ́kún di ògiri mú, ó dìde. Ó fi ògiri sílẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Àwọn obìnrin ilé pariwo, wọ́n ní, "Ó rìn! Rẹ̀mílẹ́kún rìn! Ọpọlọ àgbọ̀nrín ti ṣiṣẹ́!"

Ọmọ náà ya ẹsẹ̀ gbàgà. Ó ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ sí ọ̀tún, ó ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ sí òsì, orí rẹ̀ ń mì, itọ́ sì ń kán lẹ́nu rẹ̀ nítorí pé eyín ń hù lẹ́nu rẹ̀. Mo wo ojú Ọdẹ́jìnmí. Ẹ̀rù ló kún ibẹ̀. Ó dìde gìrì láti gbé ọmọ náà kúrò nílẹ̀.

"Fi í sílẹ̀," ni Àwẹ̀ní wí.

"Ṣé o kò rí bó ṣe ń rìn ni?"

"Mo rí i. Bí gbogbo ọmọ ṣe ń kọ́ ìrìn nìyẹn."

"Bó bá jẹ́ pé..."

"Bàbá Rẹ̀mí, bí àwa méjèèjì bá ń bẹ̀rù, ta ni yóò pàtẹ́wọ́ fún un?"

Ó kúnlẹ̀ lójú ilẹ̀ tútù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. "Tẹ̀ẹ́! Tẹ̀ẹ́! Máa bọ̀, ìyá mi! Tẹ̀ẹ́!" Ọwọ́ rẹ̀ kò sinmi. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń bọ̀ tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́, kò yà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ń bọ̀. Ọdẹ́jìnmí na ọwọ́ méjèèjì. Ọmọ náà já lù ú láyà, bàbá rẹ̀ gbá a mọ́ra, ó sì bú sẹ́kún. Àwọn obìnrin ilé ní ẹ ò rí i bí ayọ̀ ṣe ń pa ọkùnrin yìí lẹ́kún.

Ẹ fẹ́ bi mí bóyá ọmọ náà yè. Ó ń sáré báyìí, kò sí ọmọ tó lè bá a. Bí ó bá sì ti ń sáré lọ nínú àgbàlá, bàbá rẹ̀ a dákẹ́ ọ̀rọ̀ tó bá ń sọ, a máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi dúró.

Ẹnu mi sinmi níbẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ sílé, kó dúró lẹ́nu ọ̀nà díẹ̀ kó wo ọmọ rẹ̀ kó tó wọlé.